Iyọ̀, Omi àti Ìfúnpá Ẹ̀jẹ̀ nínú Ara tí Kò ní Kíndìnrín

Ẹ̀jẹ̀ ríru jẹ́ orúkọ àìsàn tí gbogbo ènìyàn mọ̀, ṣùgbọ́n orúkọ yìí nìkan kò tó fún iṣẹ́ olùkọ́ tàbí ògbufọ̀. Ẹ̀jẹ̀ a máa ti ògiri òpó tí ó ń gbà kọjá, ìbáà ṣe lára aláìsàn, ìbáà ṣe lára ẹni tí ara rẹ̀ le. Agbára títì yìí ni ó yẹ kí a pè ní ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá ga ju bí ó ti yẹ lọ, tí kò sì wálẹ̀, nígbà náà ni ẹ̀jẹ̀ ríru dé.

Kíndìnrín náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Iwe ni Bíbélì Yorùbá pè é, ṣùgbọ́n iwe lẹ́nu alásè ni ti adìyẹ tí ń lọ oúnjẹ. Ọ̀rọ̀ àyálò ni kò ní ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà.

Omi oníyọ̀ tí a ń fà sí aláìsàn lára ní gíráàmù 9 iyọ̀ nínú lítà kan. Iyọ̀ yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ dúró nínú sẹ́ẹ̀lì. Ìta ni ó ń gbé, ó sì ń dá omi dúró síbẹ̀. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin omi náà ni ó ń kù sínú òpó ẹ̀jẹ̀. Ìyókù a wà láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì, èyí tí ó ń fa ara wíwú. Omi oníṣúgà kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí bí ara bá ti lo ṣúgà rẹ̀ tán, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta omi náà yóò wọ inú sẹ́ẹ̀lì lọ. Kíndìnrín tí ó dá ṣáṣá a máa da àpọ̀jù iyọ̀ àti omi sínú ìtọ̀. Níbi tí kò bá sí, kò sí ọ̀nà àbájáde tí ó tó nǹkan.

Arthur Guyton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Mississippi, ní Amẹ́ríkà, wádìí ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀. Wọ́n gé kíndìnrín ajá títí ó fi ku nǹkan bí 30 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì fún àwọn ajá náà ní iyọ̀ àti omi púpọ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tì jáde ní ìṣẹ́jú kan pọ̀ sí i, àwọn òpó kéékèèké sì tilẹ̀ kọ́kọ́ rọ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọ̀ràn yí padà: àwọn òpó fún, iṣẹ́ ọkàn fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sí ìwọ̀n rẹ̀ àtijọ́, síbẹ̀ ìfúnpá kò sọ̀kalẹ̀. Ní 1970, Coleman, Guyton àti àwọn mìíràn tẹ ìwádìí jáde nípa àwọn ènìyàn tí a ti yọ kíndìnrín wọn. Ipa ọ̀nà kan náà ni wọ́n rí. Ẹ̀rí ńlá ni èyí, nítorí kíndìnrín ni orísun renin inú ẹ̀jẹ̀, èròjà tí ó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ó ń mú òpó fún. Níbi tí kò sí kíndìnrín, a kò lè di ẹ̀bi ru renin rẹ̀.

Ohun méjì ni ó ń fẹ́ orúkọ níhìn-ín. Ìtújáde ọkàn bá èkíní mu. Ní ti èkejì, àwọn kan lè fẹ́ ìdènà òpó, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ yóò rò pé òpó ti dí. Ìtakò òpó sàn jù: ọ̀nà ṣí sílẹ̀, ó kàn fún ni.

“Fífọ ẹ̀jẹ̀” ni ó léwu jù lọ. Ẹni tí ó gbọ́ ọ yóò rò pé ìdọ̀tí nìkan ni ẹ̀rọ ń mú kúrò, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ń fa àpọ̀jù omi àti iyọ̀ jáde pẹ̀lú. Ní Seattle, láti 1960, Belding Scribner rí i lára aláìsàn rẹ̀ àkọ́kọ́ pé ìfúnpá tí ó ga gidigidi wálẹ̀ nígbà tí a fa omi náà jáde tí a sì dín iyọ̀ oúnjẹ kù. Nítorí náà, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni ògbufọ̀ sọ bí ó bá wí fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ pé, “Ẹ má mu omi púpọ̀.” Iyọ̀ ni ó ń gbẹ ènìyàn lọ́fun. Kí ó kọ́kọ́ dárúkọ iyọ̀, àti èyí tí ó fara pamọ́ sínú magí àti ẹja oníyọ̀, kí ó tó dárúkọ omi.