Ìrẹsì Kan Náà, Iye Owó Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Bí ẹnì kan bá ra àpò ìrẹsì òkèèrè ní Kútọnu, tí ẹlòmíràn sì ra irú rẹ̀ gan-an ní ọjà Láfẹ́nwá ní Abẹ́òkúta, ó ti pẹ́ tí ti Láfẹ́nwá ti máa ń wọ́n jù. Bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ pé oko kan náà ní ilẹ̀ Tàíláǹdì ni wọ́n ti kórè méjèèjì. Òkun kan náà ni ọkọ̀ gbà kọjá. Kútọnu kò sì jìnnà sí wa. Kí ló wá dé tí owó wọn kò dọ́gba?

Àwọn kan a ní ojúkòkòrò àwọn oníṣòwò ni. Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí kò sí ìlú tí kò ní olójúkòkòrò. Ṣùgbọ́n ṣé kò sí olójúkòkòrò ní Kútọnu ni? Ó yẹ kí á wá ìdí mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo owó ibodè. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ọmọ Ẹ̀gbá. Láyé àtijọ́, oníbodè a máa jókòó sí ẹnu bodè ìlú, ẹni tó bá ru ẹrù kọjá a san nǹkan kí ó tó wọlé. Nígbà tí Ẹ̀gbá ní ìjọba tirẹ̀, kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gba àṣẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1914, owó ibodè wà lára ohun tí ìjọba yẹn fi ń ṣe iṣẹ́ ìlú. Alájàpá kì í sì í fi owó tó san ní bodè tọrẹ. Orí ọjà ni yóò gbé e lé, ẹni tó bá ra ọjà náà kẹ́yìn ni yóò san án. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí títí di òní, àfi pé aṣọ́bodè tó wọ aṣọ ìjọba ló rọ́pò oníbodè.

Ní 2013, ìjọba Nàìjíríà gbé owó ibodè ìrẹsì òkèèrè ga dé 110 lórí 100. Ẹ mú ìwé àti lẹ́ẹ̀dì, kí á ṣírò rẹ̀. Bí ìrẹsì bá dé èbúté Àpápá ní náírà 100, oníṣòwò yóò san náírà 110 fún ìjọba. Ìrẹsì náà ti di náírà 210 kí ó tó kúrò ní èbúté. A kò tíì ka owó ọkọ̀, owó alábàárù, àti èrè ẹni tí yóò tà á. Wọ́n dín in kù lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ó ṣì pọ̀. Ti Kútọnu kéré sí i gidigidi. Ìjọba ibẹ̀ mọ ohun tí ó ń ṣe o: ìrẹsì tó ń wọ èbúté wọn pọ̀ ju èyí tí àwọn ará ìlú wọn lè jẹ tán lọ. Ta ló ń jẹ ìyókù? Àwa ni.

N ló jẹ́ kí fàyàwọ́ gbilẹ̀. Ní Ìdírókò, ní ilẹ̀ Ìpókíá, àwọn ìbátan wà ní ìhà méjèèjì bodè. Ìyá lè wà níhìn-ín kí ọmọ wà lọ́hùn-ún. Títì ńlá nìkan sì kọ́ ni ọ̀nà, ipa ẹsẹ̀ pọ̀ nínú igbó. Ní 2016, ìjọba ní ìrẹsì òkèèrè kò gbọdọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé mọ́, àfi èbúté. Ní oṣù kẹjọ 2019 wọ́n ti bodè pa. Oṣù kejìlá 2020 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí àwọn kan. Ti Ìdírókò wà ní títì di 2022. Ẹni tó ń ra ìrẹsì ní kóńgò kóńgò nígbà náà mọ bí owó rẹ̀ ti fò sókè. Ẹni tí òwò bodè jẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ gbẹ.

Ìhà kejì ni ọ̀rọ̀ epo bẹntiróòlù ń lọ ní tirẹ̀. Ọ̀dọ̀ wa ni kò ti wọ́n, Benin ni ó ti wọ́n. Kì í ṣe pé epo náà kò náni lówó. Ìjọba ló ń bá wa san nínú rẹ̀, owó ìrànwọ́ ni wọ́n ń pè é. Àwọn kan a bu epo wa sínú kẹ́ẹ̀gì, wọn a gbé e kọjá, wọn a sì tà á nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà ní ilẹ̀ Benin. Ní oṣù kọkànlá 2019, ìjọba ní kí ilé epo tí kò tó kìlómítà 20 sí bodè má rí epo gbà mọ́. Ẹni tí kò gbé kẹ́ẹ̀gì kọjá rí náà bá wọn jẹ nínú ìyà yẹn! Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023, wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ ti tán. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, lítà epo tí iye ìjọba rẹ̀ kò tó náírà 200 di nǹkan bíi 500. Kò pẹ́ tí epo inú ìgò ní Benin náà fi wọ́n, nítorí odò kan náà ni a jọ ń pọn.

Owó fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ará òkè òkun kì í gba náírà. Dọ́là ló ń béèrè. Ká ní táyà ọ̀kadà kan jẹ́ dọ́là 30. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nǹkan bíi náírà 460 ni ìjọba ń ka dọ́là kan sí. Táyà náà yóò jẹ́ náírà 13,800. Kí 2024 tó parí, dọ́là kan ti kọjá náírà 1,500. Táyà kan náà di náírà 45,000. Rọ́bà rẹ̀ kò nípọn sí i, owó wa ló fẹ́lẹ́. Sẹ́fà tí wọ́n ń ná ní Benin, wọ́n so ó mọ́ owó Yúróòpù láti 1999, nǹkan bíi sẹ́fà 656 sí yúrò kan. Nítorí náà kò já bíi tiwa.

Àwọn nǹkan kan wà tí a kò lè dì sínú àpò. Onígbàjámọ̀ Ìtòkú àti onígbàjámọ̀ ọmọ Ẹ̀gbá tó wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, ṣùgbọ́n ti Lọ́ńdọ̀nù wọ́n ní ìlọ́po-ìlọ́po. Ìrẹsì tí kò wọ́n lè wọkọ̀ lọ síbi tí ó ti wọ́n. Irun gígẹ kò lè wọkọ̀. Owó ṣọ́ọ̀bù Lọ́ńdọ̀nù, owó iná Lọ́ńdọ̀nù àti owó orí Lọ́ńdọ̀nù ni onígbàjámọ̀ yẹn ń san, báwo ni yóò ṣe gba owó Ìtòkú?

Ó ku èyí tó ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Ìrẹsì Ọ̀fadà, tí wọ́n ń gbìn nítòsí wa ní ilẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, a máa wọ́n lọ́pọ̀ ìgbà ju èyí tó la òkun kọjá lọ. Ní Tàíláǹdì, ẹ̀rọ ló ń kórè, ẹ̀rọ ló ń ṣa òkúta, ọkọ̀ ojú omi kan sì ń kó ọ̀kẹ́ àìmọye àpò lẹ́ẹ̀kan. Owó tó kan àpò kọ̀ọ̀kan kò tó nǹkan. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ Ọ̀fadà ń fọwọ́ kórè, wọ́n ń bọ̀ ọ́ nínú ìkòkò lórí iná igi, bí òjò bá sì bà ọ̀nà oko jẹ́, onímọ́tò a fi owó lé owó.

Torí irú àgbẹ̀ yìí ni ìjọba ṣe ní àwọn gbé owó ibodè ga. Lójú tèmi, ó ràn án lọ́wọ́ díẹ̀, nítorí ó mú kí ìrẹsì àlejò wọ́n. Ṣùgbọ́n kò tún ọ̀nà oko ṣe, kò sì ra ẹ̀rọ tí ń ṣa òkúta fún un. Apá ẹni tí ń ra kóńgò kan ní Láfẹ́nwá ni wọ́n fi gbé ẹrù náà.