Lẹ́yìn ìpele kejì lowó wà: òwò tó pamọ́ sínú ọ̀nà orí òkè Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà

Bí ọdún Àjíǹde, ọdún Iléyá tàbí Kérésìmesì bá ti dé, ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ kì í sinmi. Láti Òṣogbo, láti Ìbàdàn, àní láti Èkó pàápàá, làwọn ọmọ iléèwé, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìjọ àtàwọn ọ̀rẹ́ tó dáwó jọ ti máa ń háyà bọ́ọ̀sì, tí wọ́n á forí lé Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Oriade, láti lọ wo omi Olúmirìn tó ń já bọ́ látorí òkè. Wọ́n á sanwó lẹ́nu géètì, wọ́n á gun àtẹ̀gùn, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á fomi ṣeré. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, mọ́tò wọn ti ń padà sílé. Béèyàn bá wá béèrè pé kí ni irú àlejò bẹ́ẹ̀ ná sínú ìlú lẹ́yìn owó géètì, ìdáhùn rẹ̀ kì í pọ̀: omi inú ọ̀rá, bisikíìtì, bóyá bọ̀ọ̀lì kan àti ẹ̀pà. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà òwò náà wà.

Ìtàn ìlú sọ pé Akinlà, obìnrin kan láti ìdílé Odùduwà, ló tẹ Ẹ̀rìn dó, àwọn èèyàn rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ rí omi náà. Ìpele méje ni omi ọ̀hún ní. Ìpele kìíní rọrùn láti dé, ibẹ̀ lèrò máa ń pọ̀ sí jù. Àwọn tí ara wọn le a máa tẹ̀ síwájú dé ìkejì, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti kúrò níbẹ̀, àpáta, gbòǹgbò igi àti ọwọ́ ara ẹni ló kù tí wọ́n á gbára lé. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ àwọn tó máa ń sọ pé àwọn ti dé Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ni kò mọ̀ pé béèyàn bá gòkè tán, abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Àbàkẹ̀ wà lókè níbẹ̀, àti pé ilẹ̀ Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì, ni wọ́n ń ka abúlé náà sí. Ẹni tó wọ inú igbó láti Ọ̀ṣun lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde sí Èkìtì.

Ọ̀nà yìí gan-an lọjà, omi kàn ń pe oníbàárà wá ni. Ẹni tó lo wákàtí méjì nídìí ìpele kìíní kò nílò oúnjẹ gidi, kò nílò amọ̀nà, kò sì nílò ibùsùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ gun òkè náà dé òpin, odidi ọjọ́ kan ló máa gbà á. Yóò nílò ẹni tó mọ ọ̀nà tí yóò ṣáájú rẹ̀. Bó bá sọ̀ kalẹ̀, ebi á ti máa pa á, iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tó gbóná ló sì máa wá kiri. Bí ilẹ̀ bá ṣú mọ́ ọn lọ́wọ́, yóò béèrè yàrá. Alásè, ọlọ́kadà, onílé àlejò, àgbẹ̀ tó lọ́gẹ̀dẹ̀ lóko àti ọ̀dọ́ tó mọ igbó, gbogbo wọn ló máa rí nǹkan mú lọ sílé lára àlejò kan ṣoṣo.

Ẹni tó ń tajà ní Ìgbọ̀nà, nílùú Òṣogbo, kò nílò ẹlẹ́rìí kó tó mọ̀ pé òótọ́ lọ̀rọ̀ yìí. Látìgbà tí àjọ UNESCO ti kọ orúkọ igbó Ọ̀ṣun-Òṣogbo mọ́ àwọn ibi àjogúnbá gbogbo ayé lọ́dún 2005, òkìkí ọdún tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ lóṣù kẹjọ ti kàn kárí ayé. Ohun tó mú kí ọdún náà yàtọ̀ sí ìrìn àjò Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ni pé ọ̀pọ̀ àlejò ló máa ń sùn sí Òṣogbo. Ibi tí wọ́n sùn sí ni wọ́n ti ń jẹun, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ra àdìrẹ.

Àwọn ará òkè Alps, ní Switzerland, ti mọ àṣírí yìí tipẹ́. Lọ́dún 1934, tíṣà kan tí wọ́n ń pè ní Jakob Ess wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n lè máa fi àmì sójú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Ní ọjọ́ 18, oṣù kejì, ọdún 1979, àwọn aráàlú dìbò pé kí ọ̀rọ̀ ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ wọ inú òfin ilẹ̀ wọn, nígbà tó sì di ọdún 1985, ìjọba ṣòfin tó pín iṣẹ́ fún àwọn ìpínlẹ̀ wọn. Lónìí, gígùn àwọn ọ̀nà náà lápapọ̀ ju kìlómítà 65,000 lọ. Pátákó aláwọ̀ ìyeyè ni wọ́n fi ń tọ́ka ọ̀nà, wákàtí tí ìrìn máa gbà ni wọ́n sì ń kọ sára rẹ̀. Ọ̀nà tó bá le, ọ̀dà funfun àti pupa ni wọ́n ń fi kùn ún, kí ẹni tí kò lágbára rẹ̀ lè tètè yà. Ọ̀dà, pátákó àti ètò ni púpọ̀ nínú rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rọ olówó ńlá.

Àwọn kan lè ní ìlú òyìnbó nìyẹn. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá sí Gánà. Lọ́dún 2001, wọ́n gbé ètò kan dìde níbẹ̀ tó fi ibi ìgbafẹ́ 14 sábẹ́ àbójútó àwọn ará abúlé tó ni ilẹ̀, Amedzofe tó wà lórí òkè ní agbègbè Volta sì wà lára wọn. Ọ́fíìsì abúlé làlejò ti ń sanwó, ọmọ ìlú tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ ló ń mú un lọ sórí òkè Gemi tàbí síbi omi Ote, ètò náà sì là á sílẹ̀ pé apá kan owó yóò wà fún iṣẹ́ ìlú. Ẹni tó bá rí i pé òkè ń sanwó omi ẹ̀rọ àti iléèwé ọmọ òun kò ní gbà kẹ́nikẹ́ni ba òkè náà jẹ́.

Nílẹ̀ Yorùbá níbí, òkè Ìdànrè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó fi hàn pé nǹkan kékeré lè ṣí ọ̀nà ńlá. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ló gòkè lọ sí ìlú àtijọ́ tí àwọn èèyàn ti ṣí kúrò, pẹ̀lú ibi ìsinmi márùn-ún lójú ọ̀nà. Nítorí àwọn ibi ìsinmi yẹn, àgbàlagbà náà lè rọra gùn ún, kó jókòó, kó mí, kó tún dìde, títí táá fi dé ààfin àtijọ́. Ọdún 2007 ni Ìdànrè wọ ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà ń dá lábàá fún UNESCO.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe tan ara rẹ̀ jẹ, òwò orí òkè léwu. Ìgbà òjò tí omi Olúmirìn máa ń dùn-ún wò jù lọ ni àpáta rẹ̀ máa ń yọ̀ jù. Ẹni kan ṣoṣo tó bá já bọ́ tó láti lé oníbàárà ọdún kan lọ. Nítorí náà, kí àlùmọ́nì tó dé, okùn àti irin ìdìmú gbọ́dọ̀ ti wà níbi tó bá dà gẹ̀ẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n kọ́ àwọn amọ̀nà ní ìtọ́jú pàjáwìrì, kí wọ́n sì máa kọ orúkọ ẹni tó gòkè sínú ìwé, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ti sọ̀ kalẹ̀. Ní ti ẹ̀rù àwọn ajínigbé, látìgbà tí àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá ti ṣí Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn lọ́jọ́ 9, oṣù kìíní, ọdún 2020, Ọ̀ṣun àti Èkìtì ló ti ní tiwọn. Ohun tó ṣẹ́ kù ni kí méjèèjì jọ máa ṣọ́ ọ̀nà kan náà, nítorí pé òkè kò mọ ààlà ìpínlẹ̀.

Ta ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀? Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fi ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà, ọgbà àti gbàgede sára iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Bí Oriade bá fi sìmẹ́ńtì, ọ̀dà àti irin tún ọ̀nà ìpele kẹta sí ìkeje ṣe, tí ìjọba ìpínlẹ̀ sì là á sílẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ pé iye báyìí nínú owó géètì jẹ́ ti ìlú, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àgbẹ̀ tí ọ̀nà bá gba inú oko kòkó rẹ̀ kọjá gbọ́dọ̀ jẹ nínú rẹ̀, kó má baà di pé àlejò ń jẹ èrè, onílẹ̀ ń ṣa ọ̀rá omi tí wọ́n jù sílẹ̀. Bó bá yá, wọ́n lè fa ọ̀nà náà gùn láti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè dé ibi omi Àrìnta ní Ìpólé-Ìlórò, kó sì parí sí Ìkògòsì níbi tí omi gbígbóná àti tútù ti ń pàdé. Ìrìn ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin nìyẹn, alẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ni owó yàrá àti oúnjẹ fún ìlú kan.

Ìjẹ̀ṣà kò ṣàjèèjì sí owó tó wà nínú ìrìn. Ẹsẹ̀ ni òṣómàáló fi ń gbé aṣọ kiri láti ìlú dé ìlú, bí gbèsè bá sì tó gbà, wọn kì í kúrò lẹ́nu ọ̀nà onígbèsè bí owó kò bá pé. Lónìí, àwọn mìíràn ló ń rìn wá bá Ìjẹ̀ṣà nílé, tiwọn towó lọ́wọ́. Kò yẹ kí wọ́n yí padà ní ìpele kejì.