Iṣẹ́ Ò Dúró, Ẹ̀kọ́ Ló Dúró: Bí Kòrónà Ṣe Bá Àwọn Rẹ́sídẹ́ǹtì Dókítà l'Ékòó

Bí àìsàn òjijì bá kọlu èèyàn lóru ní Victoria Garden City (VGC), ilé ìwòsàn aládàáni kan lójú ọ̀nà Lẹ́kì sí Ajah ni wọ́n sábà máa ń sáré gbé e lọ. Dókítà àgbà tí wọn yóò pè wá síbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀kan nínú ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ti ń kọ́ dókítà níṣẹ́, LUTH ní Ìdí-Àràbà tàbí LASUTH ní Ìkẹjà, ló ti kọ́ṣẹ́. Ìdí nìyí tí ohun tó bá ẹ̀kọ́ àwọn dókítà lọ́dún 2020 fi kan gbogbo wa, títí kan ẹni tí kò dé Ìdí-Àràbà rí.

Rẹ́sídẹ́ǹtì ti kúrò ní ọmọ ilé ìwé. Ó ti gboyè dókítà, ojoojúmọ́ ló sì ń tọ́jú aláìsàn. Ohun tó kù ni pé kó lo ọdún bíi mélòó kan lábẹ́ àwọn kọ́ńsọ́tàǹtì, ìyẹn àwọn dókítà àgbà, kí òun náà lè di ọ̀kan nínú wọn. Ẹni tó bá ń kọ́ iṣẹ́ abẹ ní ìwé àkọsílẹ̀ kan tó ń gbé kiri. Lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, ó máa kọ ọjọ́, nọ́ńbà aláìsàn àti irú iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe, lẹ́yìn náà ló máa kọ ipa tirẹ̀: ṣé ó kàn wò ó ni, ṣé ó bá wọn dì í mú ni, àbí òun gan-an ló ṣe é tí ọ̀gá dúró tì í? Ọ̀gá á wá fọwọ́ sí i. Bí àwọn ìlà wọ̀nyí ò bá pé, kò sí ọ̀nà síbi ìdánwò.

Lọ́jọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020 ni àyẹ̀wò fi hàn pé ará Ítálì kan tó wọ Èkó ti kó àrùn Kòrónà. Nígbà tó fi di alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta, kónílé-ó-gbélé ti bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó, Ògùn àti Àbújá. Àwọn ilé ìwòsàn sún iṣẹ́ abẹ tó bá ṣeé sún síwájú: ìpákè, gẹ̀gẹ̀, ojú tí ó ti di funfun. Bẹ́ẹ̀, àwọn wọ̀nyí gan-an ni rẹ́sídẹ́ǹtì fi ń kọ́wọ́. Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan. Ìwádìí CovidSurg ṣírò rẹ̀ lọ́dún náà pé iṣẹ́ abẹ bíi mílíọ̀nù 28 ni yóò di sísún tàbí fífagilé káàkiri àgbáyé láàárín ọ̀sẹ̀ 12 tí àrùn náà bá fi le jù.

Ẹ̀kọ́ ẹ̀gbẹ́ ìbùsùn náà fara gbá. Tẹ́lẹ̀, kọ́ńsọ́tàǹtì á kó àwọn rẹ́sídẹ́ǹtì sẹ́yìn, wọn á dúró ti aláìsàn, ọ̀gá á máa bi wọ́n léèrè. Ní wọ́ọ̀dù Kòrónà, ìwọ̀nba èèyàn ló lè wọlé, torí aṣọ ìdáàbòbò ò tó. Ẹni tó bá wọlé á wọ ìbọ̀wọ́ lé ìbọ̀wọ́, ìbòmú tó fún pinpin, awò ojú tí ooru ara ń bò. Kò ní mu omi, kò ní tọ̀, àfi tó bá jáde. Ta ló máa ráyè kọ́ ẹnikẹ́ni nínú irú ooru bẹ́ẹ̀? Ìkẹ́kọ̀ọ́ bọ́ sórí Zoom. Zoom lè ṣàlàyé àìsàn, ṣùgbọ́n kò lè kọ́ ọwọ́ bí wọ́n ṣe ń rán ìfun.

Ọ̀nà ibi iṣẹ́ pàápàá ò rọrùn. Etí-Ọ̀sà, ìjọba ìbílẹ̀ tí VGC wà, wà lára ibi tí àrùn náà kọ́kọ́ gbilẹ̀. Láti ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jáde láti aago mẹ́jọ alẹ́ sí mẹ́fà òwúrọ̀, àfi àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kòṣeémánìí. Síbẹ̀, lọ́jọ́ 19 oṣù náà, ọlọ́pàá dá àwọn òṣìṣẹ́ ìlera dúró lójú pópó l'Ékòó. Nítorí èyí, ẹgbẹ́ àwọn dókítà, NMA, ẹ̀ka ti Èkó, ní kí ọmọ ẹgbẹ́ jókòó sílé. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹfà, NARD, ẹgbẹ́ àwọn rẹ́sídẹ́ǹtì, gùn lé ìyanṣẹ́lódì tó gba bí ọ̀sẹ̀ kan. Aṣọ ìdáàbòbò wà lára ohun tí wọ́n bèèrè, owó ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí òfin ọdún 2017 lórí ẹ̀kọ́ rẹ́sídẹ́ǹtì fọwọ́ sí náà sì wà níbẹ̀.

A ti rí irú rẹ̀ rí. Lọ́dún 2014, ìyanṣẹ́lódì àwọn dókítà ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí Ebola wọ Èkó ní ọjọ́ 20 oṣù keje. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ, ìjọba Ààrẹ Goodluck Jonathan dá ẹ̀kọ́ rẹ́sídẹ́ǹtì dúró láwọn ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀. Ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn rẹ̀ ni Dókítà Stella Adadevoh, tó kọ̀ kí ẹni tó gbé Ebola wọ̀lú kúrò nílé ìwòsàn, kú. Ìlú tó ń sunkún dókítà ńlá kan náà ló ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó yẹ kó rọ́pò rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ inú ìtàn méjèèjì kò ju ẹyọ kan lọ. Òṣìṣẹ́ ni rẹ́sídẹ́ǹtì, akẹ́kọ̀ọ́ sì ni pẹ̀lú. Nígbàkígbà tí àjàkálẹ̀ bá dé, òṣìṣẹ́ nìkan la máa ń rántí. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé: ìlú tó bá lo àwọn dókítà rẹ̀ tán láìkọ́ wọn níṣẹ́ yóò wá kọ́ńsọ́tàǹtì tì lọ́la.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ju agbára wa lọ. Kí ilé ìwòsàn ya tíátà kan sọ́tọ̀ tí àrùn àkóràn ò ní dé, kí iṣẹ́ abẹ má bàa dáwọ́ dúró pátápátá. Kí wọ́n máa pààrọ̀ àwọn rẹ́sídẹ́ǹtì, kí ẹnikẹ́ni má pẹ́ jù ní wọ́ọ̀dù àjàkálẹ̀. Kí wọ́n má fọwọ́ kan owó ẹ̀kọ́ wọn. Lọ́jọ́ tí ìjọba bá tún jókòó ka iye ìbùsùn àti iye ìbòmú tó wà nílẹ̀, kó ka iye iṣẹ́ abẹ tí rẹ́sídẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan ṣì ń rí ṣe mọ́ ọn.