Òfin ti ń tú fíìmù àtijọ́ sílẹ̀, ta ni yóò tún wọn ṣe?

Ní Nàìjíríà, ọdún 50 ni òfin fi ń dáàbò bo fíìmù fún ẹni tó ni ín. Ìparí ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e síta ni wọ́n ti ń kà á. Òfin tuntun tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù Kẹta ọdún 2023 kò yí èyí padà. Bí ọdún náà bá ti pé, fíìmù di ti gbogbo ayé: ẹni tó bá wù ú lè tún un ṣe, kó ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kó sì tà á.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọdún 1970 ni Kongi's Harvest jáde, èyí tí Francis Oladele náwó sí, tí Ossie Davis ará Amẹ́ríkà sì darí. Ìgbà tirẹ̀ ti parí láti ìparí 2020. Àjàní Ògún tí Ọlá Balógun darí, tí Adé Love àti Dúró Ládipọ̀ kópa nínú rẹ̀, jáde ní 1976, ìparí 2026 ni tirẹ̀. Aiyé ti Hubert Ògúndé, ti 1979, á di ìparí 2029.

Àwọn tó dàgbà ní Súrùlérè, Yaba àti Mushin nígbà náà mọ bí èrò ṣe máa ń wọ́ lọ sí National Theatre ní Iganmu bí Ògúndé bá gbé fíìmù dé. Wọ́n lè rò pé láìpẹ́ àwọn máa rí àwọn fíìmù wọ̀nyí rà lórí igbá, kí àwọn ọmọ náà wò ó. Ọ̀rọ̀ ò rọrùn tó bẹ́ẹ̀.

Lákọ̀ọ́kọ́, fíìmù lè bọ́ lọ́wọ́ òfin kí ohun tó wà nínú rẹ̀ má bọ́. Inú eré tí Wọlé Ṣóyínká kọ ni wọ́n ti mú Kongi's Harvest, ìwé sì ní òfin tirẹ̀: gbogbo ọjọ́ ayé òǹkọ̀wé, àti 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gbé fíìmù náà jáde dà bí ẹni tó ra ilé tí kò tíì ra ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà sí It's a Wonderful Life ti 1946. Ní 1974, àwọn tó ni ín kò sọ ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ di ọ̀tun, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn gbogbo sì ń fi hàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 1993, ilé-iṣẹ́ kan fi ẹ̀tọ́ tó ní lórí ìtàn àti orin inú rẹ̀ ti ilẹ̀kùn náà padà.

Ìṣòro kejì ló ń bà mí lẹ́rù jù: fíìmù náà fúnra rẹ̀ ń jẹrà. Ooru àti ọ̀rinrin ni ọ̀tá rẹ̀, méjèèjì kò sì wọ́n ní Èkó. Bí agolo fíìmù bá ti ń rùn kíkan bí fínígà nígbà tí a bá ṣí i, ìjẹrà ti bẹ̀rẹ̀. Á máa súnkì, á máa kákò, á sì di ohun tí ẹ̀rọ kò lè gbà mọ́. Àwọ̀ rẹ̀ náà á ti ṣí, gbogbo àwòrán á wá pọ́n rẹ́súrẹ́sú.

Ní 2015, Didi Cheeka, aṣefíìmù kan ní Èkó, rí irú agolo bẹ́ẹ̀, tó ti dípẹtà, nínú ilé àtijọ́ tí àwọn òyìnbó amúnisìn ti ń ṣe fíìmù ní Ìkòyí. Lọ́dún kejì, wọ́n rí Shaihu Umar ní ilé àkójọ fíìmù ìjọba ní Jos. Adamu Halilu ló darí rẹ̀ ní 1976, láti inú ìwé Abubakar Tafawa Balewa. Àwọn ènìyàn ti gbà pé ó ti sọnù. Ilé-iṣẹ́ Arsenal ní Berlin tún un ṣe, wọ́n sì fi hàn níbi àjọ̀dún fíìmù ìlú náà ní 2018.

Iṣẹ́ àtúnṣe kì í ṣe kékeré. Àwòrán 24 ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà fíìmù wákàtí kan ààbọ̀ ní àwòrán 129,600. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á lẹ ibi tó ya, ẹ̀rọ á ya àwòrán kọ̀ọ̀kan sínú kọ̀ǹpútà, lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa pa àpá ara rẹ̀ rẹ́, tí wọ́n á sì dá àwọ̀ àti ohùn padà.

Fún àpẹẹrẹ, ẹ wo fíìmù Amẹ́ríkà kan, Night of the Living Dead ti George Romero, 1968. Nígbà tí wọ́n yí àkọlé rẹ̀ padà, wọ́n gbàgbé láti fi àmì ẹ̀tọ́ sí i, ó sì bọ́ lọ́wọ́ òfin lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni oníkálukú fi ń ta ẹ̀dà rẹ̀ tó ṣókùnkùn, tó ní àpá. Àfìgbà tí Museum of Modern Art àti The Film Foundation padà sídìí nẹ́gẹ́tíìfù gangan ní 2016 ló tó mọ́ lójú, ilé-iṣẹ́ Criterion sì gbé e jáde lórí Blu-ray ní 2018. Ẹnikẹ́ni ló lè tà á, síbẹ̀ owó àti nẹ́gẹ́tíìfù ló sọ ọ́ di ohun tó ṣeé wò.

Àwa náà mọ ohun tí ẹ̀dà ìrẹ́jẹ ń ṣe. Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, jẹ gbèsè láti ṣe Ọ̀run Móoru ní 1982, àwọn olè sì dà á sórí kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n tà á kiri. Gbèsè ọ̀hún wá wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ẹni tó bá máa gbé fíìmù àwọn bàbá wa jáde, bí òfin tilẹ̀ yọ̀ǹda, gbọ́dọ̀ tún un ṣe dáadáa, kó sì fi nǹkan ránṣẹ́ sí ìdílé wọn.

Ẹ̀yin tí bàbá tàbí ìyá yín ṣe tíátà, tí agolo fíìmù tàbí kásẹ́ẹ̀tì wọn wà lábẹ́ ibùsùn ní Mushin tàbí Súrùlérè, ẹ má dà á nù. Ẹ gbé e síbi tó tutù, tó sì gbẹ, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára. Bó bá ń rùn kíkan, ẹ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn yòókù. Ẹ má fi sínú ẹ̀rọ láti dán an wò. Ẹni tó mọṣẹ́ ni kẹ́ ẹ gbé e lọ bá, kó tó pẹ́ jù.