Bí Òṣùwọ̀n Kò Bá Tètè Sọ̀ Kalẹ̀: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Tí Ń Dín Ọ̀rá Ara Wọn Kù

Ìṣòro kan wà tí ń bá ẹni tí dókítà bá sọ fún pé kí ó dín ọ̀rá ara rẹ̀ kù. Nígbà tí aṣọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí tú lára rẹ̀, aládùúgbò rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ pariwo pé, "Ṣé kò sí o? O mà rù o!" Láti ayébáyé ni a ti ka ara sísan sí àmì ọrọ̀ àti ìfọ̀kànbalẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, tí a sì ka rírù sí àmì àìsàn tàbí ìyà. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ a máa dá ọ̀pọ̀ ènìyàn padà sídìí àwo iyán. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn tún wà tí ń mú ọkàn wọn rẹ̀wẹ̀sì ju ẹnu aládùúgbò lọ, èyí nì ni òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀. Òun ni mo fẹ́ ṣe àlàyé lé lórí jù.

Ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní tí ènìyàn bá dín òkèlè kù, ó lè rí i pé kílò 2 ti lọ. Inú rẹ̀ yóò dùn púpọ̀. Kì í ṣe ọ̀rá ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, omi ni. Ara a máa fi díẹ̀ nínú iṣu, gàrí àti ìrẹsì tí a jẹ pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti sínú iṣan, gíráàmù kọ̀ọ̀kan rẹ̀ a sì máa di omi tí ó tó nǹkan bí gíráàmù 3 mú. Bí ara bá ti ń ná èyí tí ó fi pamọ́, omi náà a bá a lọ. Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ gidi ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Agbára tí ó wà nínú kílò kan ọ̀rá tó èyí tí àgbàlagbà ń lò fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ rò ó wò: ẹni tí ó bá gbààwẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, bóyá ni yóò fi pàdánù ju kílò kan ọ̀rá lọ. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ìlera fi ń sọ pé ìdajì kílò sí kílò kan lọ́sẹ̀ ti tó.

Omi yìí kan náà ni ó tún máa ń fi òṣùwọ̀n tan ni jẹ. Bí a bá jẹ ọbẹ̀ tí iyọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ lálẹ́, ara a di omi mú, òṣùwọ̀n a sì gòkè ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì láìjẹ́ pé ọ̀rá kan lé. Obìnrin tí ó ń retí nǹkan oṣù rẹ̀ náà lè rí irú rẹ̀. Ní èrò tèmi, ẹni tí ń gun òṣùwọ̀n ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́ ń wá ìbànújẹ́ fún ara rẹ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó, ní ọjọ́ kan náà, ní òwúrọ̀ kí a tó jẹun, kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé, kí a máa fi oṣù kan wé èkejì. Bí kò bá sí òṣùwọ̀n nítòsí, kí a fi okùn yí ìbàdí ká ní ọ̀gangan ìdodo, kí a ta kókó sí ibi tí ó pàdé. Bí oṣù bá yí po, kí a tún un wọ̀n. Kókó náà kì í purọ́.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, òṣùwọ̀n lè dúró sójú kan pátápátá. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń juwọ́ sílẹ̀, tí wọn a ní àwọn ti ṣe é tì. Ọkọ̀ akẹ́rù tí ó ru àpò kòkó kún dẹ́ńdẹ́ a máa jẹ epo púpọ̀. Bí a bá sọ díẹ̀ nínú ẹrù náà, epo tí yóò jẹ yóò dín. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ara tí ó ti fúyẹ́ kò lo oúnjẹ tó ti àtẹ̀yìnwá mọ́. Ó di dandan kí a tún dín òkèlè kù díẹ̀ sí i, tàbí kí a fi kún ìrìn. Kí a má sì ra àgbo tí ń mú ni ya ìgbẹ́ gbuuru nítorí èyí. Omi àti iyọ̀ tí ara nílò ni ó ń kó lọ, kì í ṣe ọ̀rá.

Bí ẹnikẹ́ni bá wá bèèrè pé èrè wo ni ó wà nínú ohun tí ó lọ́ra tó báyìí, ẹ jẹ́ kí a wo ìwádìí ńlá kan tí a bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní 1996, tí a sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2002. Àwọn 3,234 ni ó kópa níbẹ̀, tí àwọn aláwọ̀ dúdú wà nínú wọn. Ṣúgà ti ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n kò tíì di àtọ̀gbẹ. A ní kí apá kan nínú wọn dín ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara wọn kù, kí wọ́n sì máa rin ìrìn yíyára fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Fún ẹni tí ó wọn kílò 90, ìdá 7 yìí kò ju kílò 6 àti díẹ̀ lọ; bí ó bá ń dín ìdajì kílò lọ́sẹ̀, nǹkan bí oṣù mẹ́ta ni. Síbẹ̀, ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta, àwọn tí àtọ̀gbẹ mú láàárín wọn fi ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn tí a kàn fún ní hóró oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú. Nígbà tí a tún yẹ ọ̀rọ̀ wọn wò lẹ́yìn ọdún 10, wọ́n ti gba díẹ̀ padà nínú ara tí wọ́n sọ nù, ṣùgbọ́n ìdá 34 ni wọ́n ṣì fi dín.

Ó dára kí ẹni tí ń se oúnjẹ nílé mọ ohun tí à ń ṣe, kí ó má baà rò pé ọbẹ̀ òun ni a kọ̀. Ó dára bákan náà kí a rí ẹni tí yóò máa bá wa rìn ní ìrọ̀lẹ́. Fún aládùúgbò tí ó pariwo, kí a fi pẹ̀lẹ́tù dá a lóhùn pé dókítà ni ó ní kí a fúyẹ́.

Ẹni tí ó bá ń rù láìjẹ́ pé ó dín oúnjẹ kù, kí ó tètè lọ sí ilé ìwòsàn. Aboyún kò gbọ̀dọ̀ dán èyí wò. Ẹni tí ó sì ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tàbí ti ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ó kọ́kọ́ rí dókítà rẹ̀, nítorí bí ara bá ti ń fúyẹ́, oògùn tí ó ń lò lè pọ̀ jù fún un.