Kí A Tó Háyà Ọkọ̀ Ojú Omi Lọ Wo Erékùṣù

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn nínú ìpàdé wa láti ìgbà díẹ̀ wá. Àwọn ọ̀dọ́ ní ó ti sú àwọn kí á máa pàdé ní ìparí ọdún, kí á jẹ ìrẹsì, kí á jó, kí kálukú sì gba ilé rẹ̀ lọ. Wọ́n ní kí á dáwó jọ, kí á háyà ọkọ̀ ojú omi tó gbayì, tó ní ìbòrí àti àga tìmùtìmù, kí á fi ọjọ́ mẹ́ta wo àwọn erékùṣù láti Ode-Itsekiri títí dé Burutu àti Forcados. Àwọn àgbà kan fárígá. Wọ́n rántí ìjà Warri, láti ọdún 1997 títí dé 2003, wọ́n sì ń bi wá pé ta ló ń fowó ara rẹ̀ ra ìjàǹbá.

Lójú tiwa, ìrìn àjò náà dára, ó sì ṣeé ṣe. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wéwèé rẹ̀ ni kò tẹ́ wa lọ́rùn.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ sọ ìdí tí a fi gbè sẹ́yìn àwọn ọ̀dọ́. Omi yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Iṣẹ́ irin ló gbé ọ̀pọ̀ àwọn bàbá wa dé Aladja nígbà tí wọ́n ṣí Delta Steel ní ọdún 1982, ojú odò Warri yìí kan náà sì ni ọkọ̀ ńláńlá gbà gbé òkúta irin wá láti òkè òkun. Ọ̀nà rélùwéè láti Itakpe, tó yẹ kó máa kó òkúta irin ilẹ̀ wa wá, ọdún 2020 ni wọ́n tó ṣí i, nígbà tí ó ti pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ìjọba ta iléeṣẹ́ náà. (Ìyẹn ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn.) Àwọn ọmọ tí a bí síbí mọ ọgbà iléeṣẹ́ irin, wọ́n sì mọ títì. Ibi tí odò ẹ̀yìnkùlé wọn ń ṣàn lọ ni wọn kò mọ̀.

Ẹ wo Forcados. Àwọn Potogí ló sọ odò náà lórúkọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó pín bí àmúga. Àwọn náà ló pe èyí tó wà nítòsí rẹ̀ ní Escravos, tó túmọ̀ sí ẹrú, kò sì sí ẹni tí wọ́n máa ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé ìyẹn fún. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ni pé Forcados ti jẹ́ ẹnu ọ̀nà Èkó rí. Yanrìn dí ẹnu òkun Èkó tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ ńlá tó ń bọ̀ láti Liverpool kò lè wọlé. Forcados ni wọ́n ń lọ dúró sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń já ẹrù àti èrò sínú ọkọ̀ kéékèèké tó lè gba orí yanrìn kọjá, àwọn yẹn ni yóò wá kó wọn padà sí Èkó. Ó di nǹkan bí ọdún 1914, lẹ́yìn tí wọ́n ti to òkúta sẹ́nu òkun tí wọ́n sì ti wa yanrìn kúrò, kí ọkọ̀ ńlá tó máa wọ Èkó fúnra rẹ̀. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé aṣọ òyìnbó tí ìyá ìyá wa rà l'Éreko ti kọ́kọ́ fojú kan igbó ẹ̀gbà àgbègbè yìí, tí gbòǹgbò rẹ̀ dúró sínú omi, kó tó fojú kan Èkó.

Burutu náà ní ìtàn tirẹ̀. Royal Niger Company ló sọ ọ́ di èbúté, UAC sì jogún rẹ̀. Ẹ̀pà àti ẹrù mìíràn láti Òkè Ọya máa ń gba Odò Ọya wá bá ọkọ̀ òkun níbẹ̀.

Èyí tó sún mọ́ wa jù ni Ode-Itsekiri, tí àwọn ará Warri ń pè ní Big Warri. Ìjọba tí Ginuwa, ọmọ ọba Benin, dá sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1480 ló fi ibẹ̀ ṣe orírun. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti gbé adé lé Olu Atuwatse Kẹta lórí ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 2021. Ẹ rántí pé ní ọdún 2015, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò lára àwọn tí oyè náà tọ́ sí nítorí pé Yorùbá ni ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, ọmọ ìyá Yorùbá náà ló gorí ìtẹ́. Ẹ wá sọ fún wa pé ibẹ̀ kò yẹ ní wíwò fún ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Aladja! Ẹni tó bá ní etí yóò tún gbọ́ nínú èdè Itsekiri ohun tó ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ará Ìlàjẹ, nítorí ẹbí kan náà ni àwọn onímọ̀ èdè ka àwọn méjèèjì sí.

Ní ti Koko, níbi tí ilé Nana Olomu wà, a ò rí ìdí tí wọ́n fi kọ ọ́ mọ́ ìrìn àjò ojú omi. Nana ni olówò ńlá tí wọ́n ń pè ní gómìnà odò Benin. Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kó ọkọ̀ ogun lọ fọ́ ìlú rẹ̀, Ebrohimi, ní ọdún 1894, ó sá gba ojú omi lọ sí Èkó, ibẹ̀ ló sì ti jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Wọ́n lé e lọ sí Accra, kò padà dé títí di ọdún 1906. Koko ló kọ́lé sí, ó sì kú ní ọdún 1916. Ilé náà ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ṣùgbọ́n mọ́tò ń lọ sí Koko. Ẹ wọ bọ́ọ̀sì lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, kí ẹ fi owó epo ọkọ̀ ojú omi pamọ́.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ọkọ̀ gan-an. Àwọn ọ̀dọ́ wa ti rí àwòrán ọkọ̀ ìgbafẹ́ funfun tí wọ́n ń háyà ní Croatia, níbi tí erékùṣù etíkun ti lé ní 1,000. Ẹ fi funfun ọkọ̀ sílẹ̀, ẹ wo àdéhùn wọn. Ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n sábà máa ń háyà rẹ̀, láti Sátidé sí Sátidé. Owó ọkọ̀ dá dúró lọ́tọ̀. Bí ọkọ̀ bá ní àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀, oníbàárà máa ń san nǹkan bí ìdá mẹ́rin tàbí ìdá mẹ́ta owó náà sílẹ̀ fún epo, oúnjẹ àti owó ìgúnlẹ̀, wọn yóò sì ṣírò rẹ̀ fún un tó bá yá. Kò sẹ́ni tí epo ń bá lójijì lójú omi. Lọ́dọ̀ tiwa, àwọn kan ti ń dá iye owó lé, kò sì sẹ́ni tó béèrè bóyá epo wà nínú rẹ̀. Bẹntiróòlù ló ń gbé ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí. Ìgbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, lítà kan tí kò tó náírà 200 kọjá 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: ta ló ń ra epo, ta ló ń bọ́ atukọ̀, èló ni wọn yóò dá padà bí a kò bá lè lọ? Ẹni tó sì dábàá pé kí á yá owó lára àpò ìrànwọ́ ẹgbẹ́, owó aláìsàn àti owó ìsìnkú nìyẹn. A kò fara mọ́ ọn rárá.

Wọ́n tún ń wá ọkọ̀ ńlá kan ṣoṣo. Ọkọ̀ kékeré méjì tó ní ìbòrí, tó jọ ń lọ, la fẹ́, kí ọ̀kan lè fa èkejì bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá kú tàbí bí koríko orí omi bá wé mọ́ ọn. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ pé iye èrò, kí ti ọmọdé sì jẹ́ ti ọmọdé. Kí wọ́n wọ̀ ọ́ ní etí omi kí ẹnikẹ́ni tó wọ ọkọ̀. A mọ̀ pé àwọn kan máa ń fi jókòó.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ọkọ̀ kan dànù ní agbègbè Pategi, ní ìpínlẹ̀ Kwara. Ibi ìgbéyàwó ni wọ́n ti ń bọ̀. Òru ni, èrò pọ̀ jù nínú ọkọ̀, ó sì kọ lu igi nínú omi. Ó lé ní 100 èèyàn tó kú. Ọ̀pọ̀ wọn kọ́ ló bá ojú omi lọ o. Òjò ló ba ọ̀nà jẹ́ tí wọ́n fi wọ ọkọ̀ padà. Àjọ tó ń bójú tó odò ilẹ̀ wa, NIWA, kò fàyè gba ìrìn àjò òru. Bí ariya bá pẹ́ jù ní Ode-Itsekiri, ẹ jẹ́ kí á sùn síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ọkùnrin kì í rántí: ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí a lè rí háyà níbí kò ní i. Ẹ bi àwọn ìyá wa léèrè kí ẹ tó ka ọkọ̀ onítìmùtìmù sí ìgbafẹ́. Ẹ gbé omi mímu dání pẹ̀lú, nítorí bí a ti ń sún mọ́ òkun ni omi odò ń di oníyọ̀. Nígbà ọyẹ́, kùrukùru àárọ̀ lè bo ojú omi, kí atukọ̀ dúró títí yóò fi ká. Odò yìí máa ń kún, ó sì máa ń fà. Atukọ̀ tó mọ wákàtí rẹ̀ ni kí á gbà, ì báà jẹ́ pé owó rẹ̀ ga. Níbi tí sọ́jà bá wà, kó dín eré kù.

Àbá wa ni pé lọ́dún yìí, kí á lọ sí Ode-Itsekiri, kí á lọ kí á bọ̀ lójúmọmọ. Bí ó bá yọrí sí rere, kí á wéwèé Burutu fún ọdún tó ń bọ̀, kí á sì sùn mọ́jú níbẹ̀. Ẹnu òkun ní Forcados àti Escravos, ẹ jẹ́ kí á fi í sílẹ̀ ná, ìgbì ibẹ̀ kì í ṣe ti ọkọ̀ èrò àti ọmọ wẹ́wẹ́. Kí ẹgbẹ́ kọ̀wé ránṣẹ́ sí àwọn olórí ìlú tí a fẹ́ wò, ó kéré tán ní oṣù kan ṣáájú, kí á má kàn já lé wọn lórí. Kí akọ̀wé kọ orúkọ èrò sínú ìwé méjì, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀, kí èkejì wà lọ́wọ́ ẹni tó dúró sílé, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù àwọn atukọ̀ méjèèjì àti wákàtí tí a retí wọn padà ní Aladja.