Ṣé o mọ̀? Jàǹbá bàálù, òkú ojú títì

Èèyàn 12 ló kú nínú jàǹbá bàálù kan ní Accra, olú-ìlú Gánà, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó wọ bàálù náà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 2 oṣù kẹfà ọdún 2012 ni. Boeing 727 akẹ́rù ti iléeṣẹ́ Allied Air gbéra láti Èkó pẹ̀lú òṣìṣẹ́ mẹ́rin. Ìgbà tó dé pápákọ̀ òfurufú Kotoka, òjò ńlá ń rọ̀ lọ́wọ́. Ọ̀nà tí bàálù máa ń sá lé níbẹ̀ gùn tó nǹkan bí mítà 3,400, ṣùgbọ́n bàálù yìí ti fò kọjá apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ kí táyà tó kanlẹ̀. Bíréèkì wo ló fẹ́ dá irú ẹrù bẹ́ẹ̀ dúró lórí ilẹ̀ tútù? Ó já ọgbà pápákọ̀ jáde, ó bọ́ sí títì, ó lọ kọlu bọ́ọ̀sì akérò kan àti ẹnì kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ jẹ́ẹ́jẹ́ tirẹ̀. Àwọn mẹ́rin inú bàálù jáde láàyè. Àwọn olùwádìí ní ńṣe ló yẹ kí awakọ̀ bàálù gbé e padà sókè, kó yí po, kó tún bíbà náà ṣe.

Ọjọ́ kejì gan-an ni bàálù iléeṣẹ́ Dana Air já lé ilé ní Ìjù-Ìṣàgá, l'Ékòó. Èèyàn 153 ló wà nínú ìyẹn, kò sì sẹ́ni tó yè.